Owó Wa Tí Ó Wà ní Báńkì Nígbà Tí A Bá Kọjá Bodè

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé sọ fún ìpàdé gbogbogbòò ti ẹ̀ka wa ní Sábó Gàrí, Kánò

 

Gbogbo wa ni a rántí ariwo tí ó ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngán yìí ní ìpàdé tí ó kọjá. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí owó tí akápò wa fi ránṣẹ́ sí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ó há sí Àkírà ní ilẹ̀ Gánà. Àwọn kan wí pé owó ìsìnkú ni a fi ń gba oníṣòwò sílẹ̀. Àwọn kan dáhùn pé ẹni tí kò bá gba ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ó wà láàyè, kí ni yóò fi sìnkú rẹ̀ ṣe? Ọ̀rọ̀ di kí á máa nàka síra wa. Bàbá Alága sì pàṣẹ pé kí àwa akọ̀wé lọ wádìí bí ọ̀rọ̀ káàdì báńkì àti owó ìrìn-àjò ti jẹ́, kí a wá sọ ọ́ fún yín ní èdè wa, kí ẹ tó dìbò lé e lórí. Ohun tí a wá ṣe nìyẹn.

Kí a tó wí ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́. Kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ tí ó há sí Àkírà ni ó kọ́kọ́ há nínú ẹ̀ka yìí. Àwa tí a dúró níwájú yín yìí ni. A kò sọ ọ́ nígbà náà nítorí ojú ń tì wá.

Ní oṣù December ọdún 2022, àwa mẹ́ta gbéra láti Kánò níhìn-ín lọ sí Lòmé láti ra aṣọ. Àwa kan, ìyá wa kan tí ó ní ìsọ̀ ní Kàǹtìn Kwárì, àti àbúrò wa ọkùnrin kan tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá náà. Ìyá wà láàárín wa lónìí, wọ́n sì ti fún wa láyè kí a sọ ọ́. Àlejò lè béèrè pé kí ni oníṣòwò Kwárì ń wá lọ sí Lòmé, nígbà tí ó jẹ́ pé aṣọ tí ó wà ní Kwárì tó fi bo gbogbo ìlú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà kan wà tí wọn kò fẹ́ aṣọ tí aládùúgbò wọn lè rí rà, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n sì ń sanwó lójú ẹsẹ̀. Lòmé ni a ti máa ń rí ańkárá tí wọ́n ń fẹ́, láti ìgbà tí àwọn ìyá olówó ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Nana Benz ti sọ ọjà Asigamé di ìlú mọ̀ọ́ká. Iná jó ọjà ńlá náà ní January 2013, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà sì tú ká sí àdúgbò gbogbo, ṣùgbọ́n òwò aṣọ kò kúrò ní ìlú náà.

Ẹ rántí bí ọ̀nà ti rí ní ọdún 2022. March 28 ọdún náà ni wọ́n kọlu ọkọ̀ ojú irin láàárín Àbújá àti Kàdúná, tí wọ́n pa ènìyàn, tí wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ lọ. Ta ni yóò di owó ọjà mọ́ ìbàdí nínú bọ́ọ̀sì, tí yóò gba ọ̀nà náà kọjá ní òru? A lọ sí Wàpá lọ́dọ̀ àwọn yan ṣánjì, a ṣẹ́ owó sẹ́fà ìwọ̀nba tí yóò tó wa bẹ̀rẹ̀ ọjà. Èyí tí ó kù, a fi í sílẹ̀ ní báńkì. Àwa ni a fún ìyá ní ìmọ̀ràn yìí. A wí pé, “Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Káàdì wà. Bí a bá dé ọ̀hún, ẹ̀rọ ni yóò ka owó fún wa.” Nítorí ní ọdún 2019 káàdì kan náà yìí ti bá wa fa owó ní Kútọnu láìsí wàhálà, a sì rò pé bí ó ti rí lánàá ni yóò rí lónìí.

A dé Èkó, a gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá, a gba Kútọnu, a gba Hilla-Condji wọ ilẹ̀ Tógò. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ọjà dùn, owó tí a ṣẹ́ ní Wàpá ni a ń ná. Ní òru ọjọ́ kẹrin ni orí ń fọ́ ìyá, ojú wọn ń ṣú, ọ̀rọ̀ kò sì jáde lẹ́nu wọn dáadáa mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, ó ní kí a má gbé wọn padà sílé, kí a san 150,000 sẹ́fà sílẹ̀ kí a sì lọ ra oògùn. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ àwa àti àbúrò wa kò ju 40,000 lọ.

A sáré lọ sí ibi ẹ̀rọ owó. A ki káàdì bọ̀ ọ́, a tẹ nọ́ńbà, ẹ̀rọ kọ ọ̀rọ̀ Faransé kan, ó sì ti káàdì jáde. A lọ sí ẹ̀kejì. Bákan náà. Ní ẹ̀kẹta, àbúrò wa fi káàdì tirẹ̀ gbìyànjú, ó ní bóyá tiwa ni ó bàjẹ́. Ẹ̀rọ kò fún òun náà ní kọ́bọ̀. Agogo méjì òru ni. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin ará: owó wa wà ní báńkì, kò sí ẹni tí ó jí i, a kò jẹ gbèsè, síbẹ̀ a dúró ní títì bí alágbe, ìyá wa sì ń bẹ lórí bẹ́ǹṣì.

Àbúrò wa ni ó wá tú fóònù wa wò. Ó wí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ kò ka èyí ni?” Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí báńkì ti kọ ìwé ránṣẹ́ pé káàdì náírà kò ní ṣiṣẹ́ lẹ́yìn odi ilẹ̀ Nàìjíríà mọ́. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, láàárín àwọn ìwé tí wọ́n ń kọ sí wa lójoojúmọ́ pé kí a wá yá owó, kí a wá ta tẹ́tẹ́. Ìwé mẹ́fà ni àwa kà. A lè ka Gẹ̀ẹ́sì bí a bá fara balẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni ń fara balẹ̀ ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀? A kò dá báńkì náà lẹ́bi ju bí ó ti yẹ lọ, a kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀. Èdè tí wọ́n fi sọ ọ́ àti ibi tí wọ́n sọ ọ́ sí ni kò bá wa mu.

Ẹni tí ó gbà wá ni bàbá kan, ọmọ Ọ̀fà, tí ó ń ta aṣọ nítòsí ibi tí a wọ̀ sí. A lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò béèrè iye tí a ní. Ó ní, “Ọmọ ibo ni yín? Ìyá yín dà?” Ó wọlé, ó ṣí àpótí, ó ka 150,000 sẹ́fà, ó tún fi 30,000 lé e fún oògùn, ó sì bá wa rìn dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ni ó fún wa ní nọ́ńbà báńkì ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó wà ní Ìlọrin. Àbúrò wa fi fóònù fi owó náírà ránṣẹ́ láti àkáǹtì wa sí ti ọmọ náà, ó sì wọlé ní ìṣẹ́jú kan. Iye tí wọ́n ń ṣẹ́ owó ní ọjà ní ọjọ́ náà ni bàbá náà fi ṣírò fún wa, kò fi kọ́bọ̀ kan lé e.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ohun tí bàbá náà ṣe ni ó là wá lójú. Owó kankan kò kọjá bodè. Náírà wa kúrò ní Kánò, ó dé Ìlọrin. Sẹ́fà tirẹ̀ kúrò nínú àpótí, ó dé ilé ìwòsàn. Ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe ni kí ó sọ náírà di sẹ́fà, nítorí kí náírà tó di sẹ́fà lójú báńkì, ó ní láti kọ́kọ́ di dọ́là tàbí owó yúrò, dọ́là náà ni kò sì sí. Bàbá náà ní sẹ́fà nínú àpótí, ó sì ní ọmọ tí náírà wúlò fún. Ó parí.

Ó sọ ìdí tí òun fi ní àpótí fún wa. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kó ẹrù kúrò ní Gánà nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní November 18, 1969 pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn àgbà tí ó wà níhìn-ín tí ara ilé wọn wà ní Támalè tàbí Kùmásì nígbà náà mọ ohun tí a ń sọ. Ẹni tí owó rẹ̀ wà nínú ọjà àti nínú ilé fi sílẹ̀. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ ni ènìyàn rí gbé dání. Láti ìgbà náà ni bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé kí ó máa fi díẹ̀ sí ìtòsí.

Bẹ́ẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ayé àwọn bàbá bàbá wa, owó kan náà ni wọ́n ń ná ní Nàìjíríà, ní Gold Coast, ní Sàró àti ní Gáḿbíà. Ìgbìmọ̀ owó tí àwọn Òyìnbó dá sílẹ̀ ní ọdún 1912 ni ó ń tẹ̀ ẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lè ta ọjà rẹ̀ ní Kánò, kí ó di ṣílè rẹ̀, kí ó sì ná an ní Kùmásì láìṣẹ́ ẹ. Gánà tẹ owó tirẹ̀ jáde ní ọdún 1958, tiwa jáde ní July 1, 1959. Ní ọdún 1962 ni òfin tí ń ṣàkóso owó ilẹ̀ òkèèrè jáde ní Nàìjíríà, January 1, 1973 sì ni pọ́n-ùn kúrò tí náírà wọlé. Inú wa dùn pé a ní owó tiwa. Ṣùgbọ́n ibi tí bàbá wa ń rìn kọjá pẹ̀lú owó lápò, ibẹ̀ ni yan ṣánjì wá tẹ́ tábìlì sí.

Ní ti sẹ́fà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ó “tún ti lọ sókè”. Ọdún 1945 ni àwọn Faransé dá a sílẹ̀. Ní January 1994 wọ́n gé iye rẹ̀ sí ìdajì, ojú àwọn ìbátan wa tí ó wà ní Àbíjàn àti Kútọnu sì rí nǹkan nígbà náà. Láti ọdún 1999 wọ́n ti so ó mọ́ yúrò: yúrò 1 jẹ́ 655.957 sẹ́fà, kò yí padà láti ìgbà náà. Nítorí náà, bí yan ṣánjì bá wí pé sẹ́fà ti wọ́n ju ti oṣù tí ó kọjá lọ, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ náírà wa ni ó wálẹ̀.

Ẹ ó béèrè pé kí ló dé tí báńkì fi ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. A lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ báńkì, ohun tí a gbọ́ sì nìyí. Ní April 2015, Báńkì Àpapọ̀ tí a ń pè ní CBN dín iye tí ènìyàn lè fi káàdì náírà ná lẹ́yìn odi kù, láti $150,000 lọ́dún sí $50,000. Ó sì ní kí owó tí ènìyàn yóò fà lọ́wọ́ ẹ̀rọ lóòjọ́ má ju $300 lọ. Àwa tí a ń ra aṣọ rẹ́rìn-ín nígbà tí a gbọ́ $50,000. Ṣùgbọ́n epo rọ̀bì ti wálẹ̀ ní ọjà ayé, dọ́là wọ́n, kí ọdún náà tó parí sì ni àwọn báńkì kan bẹ̀rẹ̀ sí í dá káàdì náírà dúró lẹ́yìn odi pátápátá. Wọ́n tún ṣí i lẹ́yìn náà. Nígbà tí ó di 2022, ọ̀pọ̀ báńkì dín in kù sí $20 lóṣù. $20! Kò ra ìpéǹpéjú ańkárá. Kí ọdún náà tó parí, ọ̀pọ̀ ti tì í.

Apá kan ẹ̀bi náà, àwa oníbàárà ni a ní in. Ní ọdún 2022, iye tí ìjọba ń ka sí dọ́là kan kò tó ₦450 fún ọ̀pọ̀ oṣù, ṣùgbọ́n ní ìta ó ju ₦700 lọ kí ọdún tó parí. Ẹni tí ó bá fa dọ́là pẹ̀lú káàdì náírà ní Dùbáì, tí ó gbé e wálé, tí ó tà á ní Wàpá, èrè ti wọlé fún un láìra abẹ́rẹ́. Àwọn kan ń di káàdì ènìyàn mẹ́wàá, ogún, rìn ìrìn-àjò nítorí èyí nìkan. Kò sí báńkì tí yóò rí irú rẹ̀ tí yóò rọra máa wò ó. Ní June 2023 ni ìjọba fi iye méjèèjì sún mọ́ra wọn. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo náírà lọ láti bíi ₦471 sí ₦664 fún dọ́là kan. Ìyẹn dùn wá, ó sì ṣì ń dùn wá. Ṣùgbọ́n èrè àwọn onídọ́là káàdì kú, ní ọdún 2025 sì ni àwọn báńkì kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí káàdì náírà fún lílò lẹ́yìn odi, báńkì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ẹ má ṣe gbọ́ “wọ́n ti ṣí i” kí ẹ sì gbéra. Ẹ béèrè lọ́wọ́ báńkì tiyín gan-an: ṣé ó ń fa owó lọ́wọ́ ẹ̀rọ, àbí ọjà nìkan ni ó ń rà? Èló ni lóòjọ́? Èló ni lóṣù mẹ́ta?

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ń yọ. Ẹnu mẹ́ta ni ó ń jẹ nínú owó tí ẹ bá fà lẹ́yìn odi. Onílé ẹ̀rọ ní ìlú àjèjì ń jẹ tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lójú káàdì, Visa tàbí Mastercard, ni ó ń ṣírò owó kan sí èkejì. Báńkì tiyín ní Nàìjíríà sì wà nídìí rẹ̀. Onílé ẹ̀rọ sábà máa ń gba iye kan náà, ì báà jẹ́ díẹ̀ ni ẹ fà tàbí púpọ̀. Ká ní 2,500 sẹ́fà ni ó ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó fa 100,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo san 2,500. Ẹni tí ó ń fa 20,000 lójoojúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún nítorí pé ẹ̀rù ń bà á láti gbé owó pamọ́ san 12,500. Owó kan náà ni wọ́n fà, ṣùgbọ́n ẹnì kejì ti fi owó oúnjẹ ọjọ́ mélòó kan tọrẹ. Bí òṣùwọ̀n ọjọ́ kan bá gbà yín láyè, ẹ fa iye tí ẹ nílò lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì pín in sí ibi méjì.

Ẹ̀tàn kan tún wà tí ó ju ìyẹn lọ, pàápàá fún àwọn tí ń lọ sí Dùbáì tàbí Ìlú Ọba. Ẹ̀rọ lè béèrè pé ṣé kí òun ṣírò owó náà fún yín ní owó ilé yín, àbí ní owó ìlú tí ẹ wà. Ó máa ń dà bí ẹni pé ó ń ṣe yín lóore. Kì í ṣe oore. Bí ẹ bá gba ti owó ilé, onílé ẹ̀rọ ni yóò dá iye náà fúnra rẹ̀, yóò sì fi èrè sí i lábẹ́. Ẹ máa mú owó ìlú tí ẹ wà.

Nínú ilé níhìn-ín, ẹ mọ̀ pé láti March 1, 2025 ni fífa owó lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù ní ẹ̀rọ báńkì mìíràn ti dópin. ₦100 ni lórí ₦20,000 bí ẹ̀rọ náà bá wà lọ́gbà báńkì. Bí ó bá wà ní ọjà tàbí ilé epo, wọ́n lè fi iye tí kò ju ₦500 lọ kún un. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ẹ̀yìn odi tí púpọ̀ nínú wa kò gbọ́: iye tí báńkì òkèèrè bá gbà gan-an ni báńkì wa gbọdọ̀ yọ lọ́rùn oníbàárà. Nítorí náà, ẹ pa ìwé kékeré tí ẹ̀rọ ń tì jáde mọ́. Bí ohun tí wọ́n yọ ní Kánò bá ju ti orí ìwé náà lọ, ẹ ní ẹnu láti fi sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ̀rọ bá yọ owó lákáǹtì tí kò sì ka owó jáde. Ìyẹn ni ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Àkírà, àwọn tí ó ń pè é ní onínàákúnàá kò sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Báńkì rẹ̀ dá owó náà padà níkẹyìn, ṣùgbọ́n ó ti lo ọjọ́ mọ́kànlá lórí ẹní ẹlẹ́ní kí ó tó rí i.

Ní ti àwọn tí ń bá bàálù lọ, àyè wà láti ra owó ìrìn-àjò lọ́wọ́ báńkì: $4,000 ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta fún ìrìn-àjò ara ẹni, $5,000 fún ti òwò. Wọ́n ń béèrè ìwé ìrìnnà, físà àti tíkẹ́ẹ̀tì. (Ẹni tí ń bá bọ́ọ̀sì lọ Lòmé, níbo ni yóò ti rí tíkẹ́ẹ̀tì bàálù? Ẹni tí ó kọ òfin náà kò ní wa lọ́kàn.) Láti February 2024, CBN ní kí báńkì má ka owó náà sí ọwọ́ ènìyàn mọ́, orí káàdì tàbí ọ̀nà ẹ̀rọ mìíràn ni kí ó gbà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rà á gbọdọ̀ dán káàdì náà wò kí ó tó kúrò nílé. Ẹni tí ó bá sì gbé dọ́là tirẹ̀ dání, bí ó bá ju $10,000 lọ, kí ó kéde rẹ̀ fún àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ní pápá òfurufú. Kíkéde kò ní kí wọ́n gbà á. Fífi í pamọ́ ni ó lè mú kí wọ́n gbà á.

Àwọn ọ̀dọ́ ti bi wá pé, bí ohun tí bàbá ọmọ Ọ̀fà ṣe bá rọrùn tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹgbẹ́ kò sọ ọ́ di ọ̀nà tí gbogbo wa yóò máa gbà? Rárá o. Bàbá yẹn gba ẹ̀mí là ní òru ọjọ́ kan. Bí a bá sọ ọ́ di iṣẹ́, a ti di oníṣẹ́ owó tí kò gba ìwé àṣẹ, òfin sì ń bẹ fún irú rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń sọ Yorùbá ní ìlú àjèjì ni ọmọ Ọ̀fà yẹn. Ẹnìkan nínú wa tí ó wà nínú gbọ̀ngán yìí fi náírà ránṣẹ́ sí “ẹ̀gbọ́n” kan tí ó bá pàdé ní gáréèjì Kútọnu, kò sì rí ẹ̀gbọ́n náà mọ́ títí di òní.

Ohun tí a mú wá síwájú yín láti dìbò lé nìyí. Kí ẹ̀ka yọ ₦300,000 sọ́tọ̀ kúrò nínú owó oṣooṣù, kì í ṣe nínú owó ìsìnkú, kí a má baà tún máa jà. Owó yìí kì í ṣe fún ọjà rírà. Fún àìsàn, fún owó ọkọ̀ àbọ̀ sílé àti fún oúnjẹ ni. Àwíńsọ ni, ẹni tí a bá fún yóò dá a padà láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹni tí yóò bá ní ẹ̀tọ́ sí i gbọdọ̀ ti wá sọ fún akọ̀wé kí ó tó lọ: ibi tí ó ń lọ, ọjọ́ tí yóò padà, orúkọ ẹnì kan tí a lè pè. Ìgbìmọ̀ kò fẹ́ kí a fi ọ̀ranyàn mú ẹnikẹ́ni sọ iye owó tí ó gbé dání, àwa náà kò sì fẹ́ gbọ́ ọ.

A mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò wí pé ₦300,000 kò tó san owó ilé ìwòsàn ní ìlú àjèjì. Òótọ́ ni. Nígbà tí a fi rìn lọ sí Lòmé ó tó. Náírà kò dúró de wa. Ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ yẹn, bí ẹnì kan bá gbé 50,000 sẹ́fà fún wa ní gbàrà tí a dé ibẹ̀, dókítà ìbá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wákàtí mẹ́ta ni ìyá lò lórí bẹ́ǹṣì. Ọwọ́ òsì wọn tí ẹ rí pé kò lágbára mọ́, tí ọmọ-ọmọ wọn fi ń bá wọn ka aṣọ ní ìsọ̀, dókítà ní Kánò níhìn-ín wí fún wa pé bóyá ì bá má rí bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá tètè gba oògùn. Àwa ni a wí fún wọn pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, káàdì wà. Wọn kò bá wa wí rí. Ní January tí a padà dé, tí kò sí owó tuntun ní báńkì, tí gbogbo ìlú ń tò síwájú ẹ̀rọ nítorí owó tí wọ́n pààrọ̀ ní ìparí ọdún 2022, àwọn ni wọ́n ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí ilé wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Lòmé kí ọdún yìí tó parí, àti ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ṣe Úmúrà, ẹ mú fóònù yín wá sí ìsọ̀ wa ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ọmọ wa obìnrin tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti gbà láti máa ka ìwé báńkì sí etí yín ní Yorùbá, kò sì ní béèrè nọ́ńbà àṣírí káàdì yín. Bí òun tàbí ẹlòmíràn bá béèrè rẹ̀, ẹ dìde kí ẹ máa lọ.

Ìyá wa ti ń na ọwọ́ láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn. Bàbá Alága, bí ẹ bá gbà wá láyè, a fẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ kí a tó dìbò.